Lẹ́tà Mẹ́ta, Ọ̀rọ̀ Púpọ̀

Ẹ mú ìwé àti kálámù yín jáde. Ẹ kọ lẹ́tà mẹ́ta yìí sílẹ̀: S, L, M. Lórí wọn ni ọ̀rọ̀ wa ti òní dá lé.

Gbogbo wa la mọ ìkíni àwọn Mùsùlùmí. Ìbáà ṣe ní Àjàṣẹ́, ní Kétu tàbí ní Sábẹ̀ẹ́, bí ẹnìkan bá wọlé tí ó ní "Àsàláàmù àlékúmù," ẹni tí kì í ṣe Mùsùlùmí pàápàá mọ bí wọ́n ṣe ń dá a lóhùn. Ẹ wá kọ ọ̀rọ̀ mẹ́ta yìí tẹ̀ lé e: Ìsìláàmù, Mùsùlùmí, Sàlámì tí ọmọ ń jẹ́. Ẹ fi ìka tọ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Nínú gbogbo wọn ni ẹ ó ti rí S, lẹ́yìn rẹ̀ L, lẹ́yìn rẹ̀ M. Kì í ṣe èèṣì. Gbòǹgbò kan náà ni wọ́n ti hù, nínú èdè Lárúbáwá.

Nínú èdè tiwa, bí a bá mú K nìkan, kò sọ nǹkan kan fún wa. Kà, kọ, kí, kú: K ló bẹ̀rẹ̀ gbogbo wọn, síbẹ̀ wọn kì í ṣe ẹbí. Ti Lárúbáwá yàtọ̀. Àwọn lẹ́tà bíi S, L, M ló ń gbé ìtumọ̀, mẹ́ta ni wọ́n sì sábà máa ń jẹ́. Àwọn a, i, u tó bá wọ àárín wọn, àti lẹ́tà tí a bá fi kún wọn, ló ń yí ọ̀rọ̀ náà síbí sọ́hùn-ún. M tó ṣáájú nínú Mùsùlùmí dà bí "a" tó ṣáájú nínú apẹja àti akọ̀wé: ẹni tó ń ṣe nǹkan náà ló ń tọ́ka sí.

Kí wá ni S-L-M ń sọ? Ọ̀pọ̀ yóò dáhùn kíá pé "àlàáfíà" ni. Kò burú, ṣùgbọ́n kò tó. Ohun tó wà nídìí rẹ̀ ni pé kí nǹkan wà lódindi, kí ó má lábùkù, kí ewu má kàn án. Bí ẹnìkan bá ti ìrìn àjò dé, Lárúbáwá á dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run fún "sàláámà" rẹ̀, pé ó padà wá bí ó ṣe lọ. Lójú tèmi, "ẹ kú ewu" tiwa ló sún mọ́ ọn jù. Láti ibẹ̀ ni sàláàmù ti ìkíni ti wá. Ìlú ńlá kan wà ní etíkun Tàǹsáníà tí ń jẹ́ Dar es Salaam: ilé sàláàmù ni. Èdè Hébérù, tó jẹ́ ẹbí Lárúbáwá, ní "ṣálóòmù" tirẹ̀.

Bí a bá yí i díẹ̀, ó di fífa nǹkan lé ẹlòmíràn lọ́wọ́ ní pípé. Ẹni tó bá fa ara rẹ̀ lé Ọlọ́run lọ́wọ́ ni Mùsùlùmí. Fífà á lé E lọ́wọ́ náà ni Ìsìláàmù. Ẹ ó gbọ́ tí àwọn kan ń sọ pé Ìsìláàmù túmọ̀ sí àlàáfíà. Ẹbí ni àwọn méjèèjì, wọn kì í ṣe ẹnìkan náà. Àkàbà pàápàá wà nínú ẹbí yìí: "súlámù" ni wọ́n ń pè é. Onímọ̀ èdè wọn kan ní àtijọ́ sọ pé ó jẹ́ bẹ́ẹ̀ nítorí pé ó ń fa ènìyàn lé ibi tó ń lọ lọ́wọ́.

Èyí tó dùn mọ́ mi jù ni ti ejò. Láyé àtijọ́, bí ejò bá bu ẹnìkan jẹ láàárín àwọn Lárúbáwá, "sàlíímù" ni wọ́n ń pè é, èyíinì ni ẹni tí ara rẹ̀ pé. Ẹni tí oró wà lára rẹ̀! Kò yẹ kí ó ya àwa lẹ́nu. Ta ni nínú wa tí í dárúkọ ejò lóru? Okùn ilẹ̀ ni à ń pè é. Àwọn bàbá wa kò sì jẹ́ dárúkọ ṣọ̀pọ̀ná ní gbangba. Olóde tàbí ilẹ̀ gbígbóná ni wọ́n ń wí. Orúkọ rere ni Lárúbáwá fi ń ṣe àdúrà fún ẹni tí ejò bù jẹ. Àwọn kan nínú àwọn onímọ̀ èdè wọn ní rárá, pé ẹni tí a ti fi sílẹ̀ fún ohun tó dé bá a ni ọ̀rọ̀ náà ń wí. Ti àkọ́kọ́ ló tẹ́ mi lọ́rùn. (Ilé ìwòsàn ni kí ẹ tètè gbé irú ẹni bẹ́ẹ̀ lọ o; orúkọ rere kì í pa oró.)

Ó ku ọ̀rọ̀ kan tó kan àgbẹ̀. Sàláàmù ti ìkíni, a máa ń fa àárín rẹ̀ gùn. Òmíràn wà tí a kì í fà: sàlámù. Ẹ̀yin tó mọ bí àmì ohùn ṣe ń ya ọkọ́ àgbẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára ọkọ̀, ẹ mọ̀ pé irú ìyàtọ̀ kékeré bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ohun eré. Sàlámù ni òwò tí a ti ń fa owó lé olóko lọ́wọ́ lónìí, fún irè tí yóò kó wá lẹ́yìn. Nígbà tí Ànábì Mùhámmádù ṣí lọ sí Mẹ̀dínà ní ọdún 622, ìtàn sọ pé ó bá àwọn ará ibẹ̀ tí wọ́n ń san owó sílẹ̀ fún èso ọdún kan tàbí ọdún méjì. Kò ka òwò náà léèwọ̀. Ó ní kí òṣùwọ̀n rẹ̀ dájú, kí ìwọ̀n rẹ̀ dájú, kí ọjọ́ rẹ̀ sì dájú. Àwọn onímọ̀ òfin fi kún un pé kí olówó má fi ìlérí ra ìlérí, kí owó jáde. Wọ́n tún ní kí a má so ó mọ́ igi kan pàtó, nítorí bí igi náà kò bá so ńkọ́?

Ẹ̀yin náà mọ irú òwò yìí. Àgbàdo èṣí ti tán nínú àká, tuntun kò tíì gbó, oníṣòwò sì dé pẹ̀lú owó lọ́wọ́. Bí ó bá pe òwò náà ní sàlámù, tí ẹ sì gbọ́ ọ bí ìkíni, ẹ lè gbàgbé láti béèrè: àpò mélòó? Kílò mélòó nínú àpò kan? Gbígbẹ ni tàbí tútù? Ọjọ́ wo? Ta ni yóò san owó ọkọ̀? Gbogbo rẹ̀ ni kí a kọ sílẹ̀. Ẹsẹ tó gùn jù nínú gbogbo Kùránì, ẹsẹ 282 nínú Súrà kejì, ọ̀rọ̀ kíkọ gbèsè sílẹ̀ ló ń sọ.

Ẹ má sì rò pé ohun gbogbo tó bá jọ ọ́ ni ẹbí rẹ̀. Àlàáfíà tí a fi ń túmọ̀ sàláàmù, Lárúbáwá ni òun náà, ṣùgbọ́n gbòǹgbò mìíràn ló ti wá, èyí tí ń sọ nípa ìlera. Àsálátù náà ní S àti L, kò ní M: ti ìrun kíkí ni. Iṣẹ́ tí ẹ ó ṣe kí a tó tún pàdé nìyí: ẹ wá àwọn orúkọ tó ní S, L àti M nínú agbo ilé yín, kí ẹ kọ wọ́n sílẹ̀. Sùlèmánà yóò wọlé. Ìsìmáílà kò ní wọlé; ẹ wo bí àwọn lẹ́tà rẹ̀ ṣe tò, ẹ ó rí ìdí rẹ̀.