Ogún Ẹ̀sìn Kristi Nínú Èrò Slavoj Žižek
A fẹ́ ṣàlàyé ìdí tí Slavoj Žižek, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ọmọ Slovenia tí kò gba Ọlọ́run gbọ́, fi gbèjà ogún ẹ̀sìn Kristi nínú ìwé rẹ̀, The Fragile Absolute (2000). Jacques Lacan ti kọ́ni pé ohùn kan ń pàṣẹ nínú ọkàn ènìyàn pé, ‘Máa gbádùn!’ Žižek ní àṣẹ yìí ni ètò ọrọ̀-ajé àwọn olówò ńlá fi ń dè wá: bí a ti ń mu Coca-Cola tó ni òùngbẹ ń gbẹ wá sí i. Ìgbádùn di iṣẹ́ ẹrú. Ó wá tọ́ka sí Lúùkù 14:26, tó ní kí ọmọ-ẹ̀yìn kórìíra baba àti ìyá. Kì í ṣe ènìyàn ni a ní kí ó kórìíra, bí kò ṣe ipò tí àwùjọ fi dè wọ́n. Ìfẹ́ tó ń tú ìdè bẹ́ẹ̀ ni ogún náà.