Ọkùnrin tí kò sọ pé "Èmi kọ́"

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, bí ẹnì kan bá ya ìsọ̀ yín lọ́jà, tí ó ní, "Ìyá Ìbejì, owó yín tí mo jẹ nìyí," bẹ́ẹ̀ ẹ kì í ṣe Ìyá Ìbejì, kí ni ẹ óò ṣe? Ó dá mi lójú pé púpọ̀ nínú yín yóò wí pé, "Èmi kọ́." Ọ̀rọ̀ kékeré ni, ṣùgbọ́n nítorí pé ọkùnrin kan kò tètè sọ ọ́, ilé rẹ̀ tú.

Inú sinimá kan láti ilẹ̀ Dẹ́ńmáàkì ni ìtàn náà wà. Ọ̀gbẹ́ni Ole Bornedal ni ó kọ ọ́, tí ó sì darí rẹ̀, ní ọdún 2007. "Kærlighed på film" ni orúkọ rẹ̀, ìyẹn ni "Ìfẹ́ inú sinimá".

Jonas ni orúkọ ọkùnrin náà. Iṣẹ́ fọ́tò ni ó ń ṣe fún àwọn ọlọ́pàá. Òkú àwọn tí a pa ni ó ń yà. Ó ní ìyàwó, Mette, ó sì ní ọmọ méjì. Ilé wọn tòrò, ṣùgbọ́n ayé ti sú u. Ní ọjọ́ kan, ọmọbìnrin kan tí ń jẹ́ Julia ní jàm̀bá ọkọ̀ lójú wọn, ó sì dá kú. Ọkàn Jonas kò balẹ̀; ó lọ wò ó ní ilé ìwòsàn. Níbẹ̀ ni àwọn òbí Julia ti ṣì í mú fún Sebastian, àfẹ́sọ́nà ọmọ wọn, ẹni tí wọn kò fojú kàn rí. Wọ́n gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Jonas dákẹ́.

Ẹ kíyè sí i: àánú ni ó gbé e dé ibẹ̀, kì í ṣe olè. Ṣùgbọ́n ó tún padà lọ. Nígbà tí Julia jí, kò rántí ohun àtẹ̀yìnwá, ojú rẹ̀ kò sì ríran dáadáa mọ́. Ta ni yóò wá já irọ́ náà? Mette ń dúró nílé; ọkọ rẹ̀ ti di Sebastian níbòmíràn. Ìgbà tí ó yá, Sebastian gan-an yọ, kì í sì í ṣe ẹni pẹ̀lẹ́. N kò ní sọ gbogbo rẹ̀ tán, ṣùgbọ́n láti ìbẹ̀rẹ̀ sinimá náà ni a ti rí Jonas nílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú òjò, tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀.

Ohun tí ó dùn mí jù ni inú rere àwọn òbí náà. Orúkọ ẹlòmíràn ni wọ́n kọ gbogbo rẹ̀ sí, bí ìgbà tí a bá kọ owó oníbàárà kan sí ojú ìwé ẹlòmíràn. Jonas sì ń ná an. Àwa olùkọ́ pẹ̀lú mọ ọmọ tí ń jẹ́ orúkọ ọ̀rẹ́ rẹ̀ nígbà tí a bá ń pe rẹ́jísítà: ọjọ́ tí a bá ní kí ó jáde wá síwájú ni ẹ̀rù ń bà á.

Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Ẹnu Jonas kọ́ ni irọ́ yìí ti bẹ̀rẹ̀. Dídákẹ́ rẹ̀ ni. Ọjọ́ kìíní ni "Èmi kọ́" rọrùn láti sọ. Bí ó bá di ọjọ́ kejì, ó ti wúwo.