Ẹ̀rọ Lọ́wọ́ Tíṣà, Ẹ̀rọ Lọ́wọ́ Ọmọ: Ẹ̀kọ́ Láti Ìhà Méjèèjì Ilẹ̀ Ìgbómìnà

Ìgbómìnà ni Òmù-Àrán, Ìgbómìnà ni Ìlá-Ọ̀ràngún, ṣùgbọ́n ààlà ìpínlẹ̀ gba àárín wọn kọjá. Òmù-Àrán ni olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ìrẹ́pọ̀dùn ní Kwara, níbi tí Èsìẹ́, Òrò àti Àjàṣẹ́-Ìpo wà pẹ̀lú. Ìlá bọ́ sí Ọ̀ṣun. Nítorí ààlà yìí, ohun tí ìjọba ń rà fún ilé-ìwé ní ìhà kan kì í ṣe ohun tó ń rà ní ìhà kejì. Ní 2013, Ọ̀ṣun bẹ̀rẹ̀ sí í fún akẹ́kọ̀ọ́ ní tábílẹ́ẹ̀tì. Ní 2022, Kwara fi tirẹ̀ lé tíṣà lọ́wọ́. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bó ṣe yẹ kí ìjọba yan ẹ̀rọ fún ilé-ìwé, kó pín in, kó sì tọ́jú rẹ̀, kò ní láti rìn jìnnà: kó fi ìhà méjèèjì wé ara wọn. Èrò tèmi ni pé ọwọ́ tíṣà ló yẹ kí ẹ̀rọ kọ́kọ́ dé. Ti àwọn ọmọ lè tẹ̀ lé e, ṣùgbọ́n kó jẹ́ ti ilé-ìwé, kí kíláàsì máa lò ó ní àlòyípo.

Ọjọ́ 3 oṣù kẹfà ọdún 2013 ni Gómìnà Rauf Arẹ́gbẹ́ṣọlá ṣí ètò Ọpọ́n Ìmọ̀. Orúkọ náà bá a mu, torí ọpọ́n ni babaláwo fi ń wádìí ohun tí ojú kò tó. Àwọn ọmọ kíláàsì àgbà ní sẹ́kọ́ńdìrì ló wà fún, 150,000 sì ni iye tí ìjọba lérò láti pín. Ìwé fún ẹ̀kọ́ oríṣi 17 wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú ìbéèrè ìdánwò WAEC àti JAMB ti àwọn ọdún tó ti kọjá, àti ẹ̀kọ́ nípa ìtàn àti àṣà Yorùbá. Kò nílò íntánẹ́ẹ̀tì kó tó ṣiṣẹ́, ìyẹn sì fi hàn pé àwọn tó ṣe é mọ irú ìlú tí wọ́n ń ṣe é fún. Ìjọba tún ṣírò pé ó dínwó ju kí wọ́n tẹ gbogbo ìwé náà fún ọmọ kọ̀ọ̀kan. Òtítọ́ wà nínú ìṣirò yẹn, ṣùgbọ́n owó ríra lọ̀tọ̀, owó títọ́jú lọ̀tọ̀. Nígbà tí iye owó epo rọ̀bì já wálẹ̀ ní 2014, àpò Ọ̀ṣun gbẹ débi pé ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ìjọba kò gba owó oṣù wọn pé mọ́. Níbi tí owó oṣù tíṣà kò ti pé, ta ni yóò máa rántí bátìrì tó kú? Nígbà tí Arẹ́gbẹ́ṣọlá fi ipò sílẹ̀ ní 2018, ètò náà kò rí ẹni gbé e ró bíi ti ìbẹ̀rẹ̀ mọ́.

Kì í ṣe Ọ̀ṣun nìkan ni irú èyí ṣẹlẹ̀ sí. Orílẹ̀-èdè Peru ní Gúúsù Amẹ́ríkà ra kọ̀ǹpútà alágbèéká tó lé ní 850,000 nínú ètò tí Nicholas Negroponte dá sílẹ̀, pé kí ọmọ kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀. Nàìjíríà náà tọ́ ètò yìí wò ní ilé-ìwé kan ní Galadima, l'Ábújá, ní 2007. Ní 2012, àwọn olùwádìí tó tọpa ilé-ìwé ìgbèríko 319 ní Peru gbé àbájáde wọn jáde: ẹ̀rọ pọ̀, àwọn ọmọ sì ń lò ó, ṣùgbọ́n ìṣirò àti èdè wọn kò fi ohunkóhun sàn ju ti àwọn tí kò rí i gbà. Bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ọ̀rọ̀ àìní nìkan. Ìlú Los Angeles, tí owó àti iná kò wọ́n, bẹ̀rẹ̀ sí í pín iPad ní 2013 nínú ètò tí gbogbo owó rẹ̀ lé ní bílíọ̀nù kan dọ́là. Kò pẹ́ tí àwọn ọmọ fi já ìdènà tí wọ́n fi sínú rẹ̀, nígbà tó sì di ọdún kejì, wọ́n fòpin sí àdéhùn náà. Ohun kan náà ló so ibi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀: ẹ̀rọ dé ọwọ́ ọmọ kí ilé-ìwé tó mọ ohun tí yóò fi í ṣe.

Kwara gba ọ̀nà mìíràn. Ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba ni KwaraLEARN wà fún, ètò tí ìjọba Gómìnà AbdulRahman AbdulRazaq ṣe pẹ̀lú ilé-iṣẹ́ NewGlobe. Ẹdó ló ti kọ́kọ́ ṣe irú rẹ̀ ní 2018 lábẹ́ orúkọ EdoBEST, Èkó sì ní EKOEXCEL tirẹ̀. Wọ́n á dá tíṣà lẹ́kọ̀ọ́, wọ́n á fún un ní tábílẹ́ẹ̀tì tí ẹ̀kọ́ ọjọ́ kọ̀ọ̀kan wà nínú rẹ̀ ní ìgbésẹ̀-ìgbésẹ̀, ọ̀gá ilé-ìwé á sì máa fi fóònù tọpa bí iṣẹ́ ṣe ń lọ. Ẹ jẹ́ ká fi ìṣirò lásán wò ó. Ilé-ìwé tó ní tíṣà 10 àti ọmọ 300 yóò wá iná fún ẹ̀rọ 10, kì í ṣe 300. Mẹ́wàá ni yóò tún ṣe bó bá bàjẹ́, mẹ́wàá ni yóò kà kó tó ti ilẹ̀kùn, síbẹ̀ gbogbo ọmọ 300 ló ń jẹ àǹfààní rẹ̀. Ẹ̀rí sì wà láti Kenya. Michael Kremer, ẹni tó gba ẹ̀bùn Nobel ní 2019, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yẹ ilé-ìwé Bridge wò, tó jẹ́ ti àwọn tó dá NewGlobe sílẹ̀. Ní 2022 wọ́n kéde pé àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ibẹ̀ fi ọdún méjì kọ́ ohun tí àwọn ẹgbẹ́ wọn ń fi nǹkan bí ọdún mẹ́ta kọ́. Ilé-ìwé aládàáni ni wọ́n o, àbójútó tó múná àti ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tíṣà sì wà pẹ̀lú ẹ̀rọ náà, nítorí náà a kò lè gbé gbogbo ọpẹ́ fún tábílẹ́ẹ̀tì. Ìdí gan-an tí mo fi ń sọ pé tíṣà ni ká fi ṣíwájú nìyẹn.

Àwọn kan ń fapá jánú pé irú ẹ̀rọ yìí ń sọ tíṣà di àkàsọ, ẹni tí kò ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀ mọ́. Ẹjọ́ wọn kò ṣeé dà nù. Tíṣà tó ti lo ogún ọdún lẹ́nu iṣẹ́ kò yẹ kí a fi òǹkà ìṣẹ́jú dè. Ìtàn kan sọ pé ara Ògbó, àdá tí Ọ̀ràngún, ọba Ìlá, gbé wá láti Ifẹ̀, ni orúkọ Ìgbómìnà ti jáde: Ògbó mọ̀nà. Àdá náà mọ̀nà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ ẹni tó mọ ibi tó ń lọ ló wà. Fún tíṣà tuntun, ẹ̀kọ́ inú tábílẹ́ẹ̀tì jẹ́ ọ̀pá ìtìlẹ̀. Fún àgbà tíṣà, kó jẹ́ ìwé tó lè ṣí, tó sì lè pa dé. Ó sì yẹ kí àyè wà nínú rẹ̀ fún ohun tí ìlú ní. Ọdún 1933 ni alábẹ̀wò ilé-ìwé kan, H. G. Ramshaw ti ìjọ CMS, ròyìn àwọn ère òkúta Èsìẹ́ fún ìjọba. Ní 1945, ibẹ̀ ni ilé ìṣẹ̀ǹbáyé àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà dúró sí. Kò dára kí ọmọ Èsìẹ́ ka ìtàn gbogbo ayé lójú ẹ̀rọ, kó má rí ti ìlú rẹ̀ níbẹ̀.

Àtakò tó le jù ni ti JAMB. Láti 2015, orí kọ̀ǹpútà nìkan ni wọ́n ti ń ṣe ìdánwò UTME, ọmọ tí kò fọwọ́ kan ẹ̀rọ rí yóò sì fi wákàtí ìdánwò kọ́ bí wọ́n ṣe ń tẹ̀ ẹ́. Òótọ́ ni, ọmọ tí òbí rẹ̀ lówó ti ní tirẹ̀ nílé. Ṣùgbọ́n kí ọmọ mọ ẹ̀rọ lò kò béèrè pé kó gbé e relé sùn. Ní 2024, wọ́n dán ètò kan wò ní àwọn sẹ́kọ́ńdìrì ìjọba ní ìlú Benin: fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, lẹ́yìn àkókò ilé-ìwé, àwọn ọmọ ń fi kọ̀ǹpútà ilé-ìwé kọ́ Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lú ọpọlọ àtọwọ́dá, tíṣà sì ń darí wọn. Ìwádìí Báńkì Àgbáyé fi hàn pé èsì ìdánwò wọn sàn dáadáa ju ti àwọn tí kò sí níbẹ̀. Ẹ̀rọ àjùmọ̀lò ni, tíṣà sì wà ní ìdí rẹ̀. Èyí tó wà ní ilé-ìwé kò lè ran ọmọ lọ́wọ́ nínú iṣẹ́ àṣetiléwá, mo gbà. Ìwé títẹ̀ ṣì lè ṣe ìyẹn.

Bí a bá wá fẹ́ rà á, igi gańgańran má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Iná ni ìbéèrè àkọ́kọ́. Ìdídò Jẹ́bbà tó ń pèsè iná fún Nàìjíríà wà ní ààlà Kwara àti ìpínlẹ̀ Niger, síbẹ̀ iná kò dé gbogbo ilé-ìwé abúlé ní Kwara. Nítorí náà kí owó sólà wà nínú owó ẹ̀rọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Àtúnṣe ló tẹ̀ lé e: èyí tí àwọn tó ń tún fóònù ṣe ní Òmù-Àrán lè tú palẹ̀, tí wọ́n sì lè rí bátìrì àti ojú gíláàsì rẹ̀ rà lọ́jà, sàn ju èyí tó dán jù lọ, tó jẹ́ pé Ìlú Òyìnbó ni wọ́n ti ń tún un ṣe. Ó yẹ kó lè gba eruku ọyẹ́ mọ́ra, kó ṣiṣẹ́ láìsí íntánẹ́ẹ̀tì, kí àpótí alágàdágodo sì wà fún un. Iye owó ló yẹ kó gbẹ̀yìn nínú ìbéèrè wọ̀nyí, kì í ṣe pé kò ṣe pàtàkì, bí kò ṣe pé ẹ̀rọ olówó pọ́ọ́kú tó kú láàárín ọdún kan ló wọ́n jù.

Ní Nàìjíríà, ìpínlẹ̀ ló ń pinnu ọ̀rọ̀ yìí, nípasẹ̀ àjọ SUBEB fún ẹ̀kọ́ àkọ́bẹ̀rẹ̀. Lábẹ́ òfin UBE ti 2004, ìjọba àpapọ̀ ń ya ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún owó àpò rẹ̀ sọ́tọ̀ fún un, ìpínlẹ̀ tó bá sì fẹ́ pín níbẹ̀ gbọ́dọ̀ kó ìdajì tirẹ̀ sílẹ̀. Láàárín 2013 àti 2019, Kwara kò rí owó yìí gbà, lẹ́yìn tí wàhálà bẹ́ lórí bí wọ́n ṣe ná èyí tó ṣáájú. Ohun tó ṣẹlẹ̀ yẹn ló yẹ kó kọ́ wa pé ètò tó bá gbára lé owó ńlá lọ́dọọdún lè dúró lójijì, àti pé kékeré ló dára kí a fi bẹ̀rẹ̀: ilé-ìwé díẹ̀ ní Ìrẹ́pọ̀dùn, díẹ̀ ní Ìfẹ́lódùn, díẹ̀ ní Ìsin, fún ọdún kan gbáko, kí a tó tàn án ká. Lẹ́yìn ọdún náà, kí ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́ wọ yàrá tí wọ́n ń kó ẹ̀rọ sí, kí wọ́n ka iye tó ṣì ń tàn, kí wọ́n sì ní kí ọmọ kíláàsì kẹta ka ojú ìwé kan sókè. Òǹkà méjèèjì yìí ló yẹ kó pinnu bóyá a ó ra sí i.