Àyẹ̀wò iṣẹ́ akọ́létà kí a tó ra ilé tuntun

Àyẹ̀wò iṣẹ́ akọ́létà ni ìwádìí tí ẹni tó fẹ́ ra ilé tuntun ń ṣe láti mọ bí ilé náà ṣe lágbára tó, bóyá ó bófin mu, àti bóyá ẹni tó kọ́ ọ yóò dáhùn nígbà tí àbùkù bá yọjú lẹ́yìn tí owó ti kúrò lọ́wọ́ olùrà. Akọ́létà ni ẹni tàbí ilé-iṣẹ́ tó ń kọ́ ilé fún títà. Ó yàtọ̀ sí kọngílá tàbí bíríkìlà tí onílẹ̀ fúnra rẹ̀ gbà síṣẹ́. Onílẹ̀ lè máa bẹ ibi iṣẹ́ wò láti ọjọ́ tí wọ́n bá ti gbẹ́ ìpìlẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó ra ilé tó ti parí kì í rí ju ọ̀dà ara ògiri àti táìlì ilẹ̀ lọ. Ìpìlẹ̀, irin inú òpó àti kankéré inú dẹ́kìn, tí ẹ̀mí àwọn ará ilé rọ̀ mọ́, ti bò mọ́lẹ̀ kí ó tó dé. Nítorí náà, ìwé, ìtàn iṣẹ́ akọ́létà àti ojú onímọ̀ ni olùrà fi ń mọ ohun tí kò hàn sí gbangba. Àpilẹ̀kọ yìí sọ nípa bí àyẹ̀wò náà ṣe rí ní Ìpínlẹ̀ Èkó, pàápàá ní Máfolúkù ní agbègbè ìjọba ìbílẹ̀ Òṣòdì-Ìsọlọ̀.

Ìtàn ní ṣókí

Ìjọba ló ṣáájú nínú kíkọ́ ilé fún ará ìlú ní Èkó. Ní ọdún 1928, ìjọba amúnisìn dá àjọ Lagos Executive Development Board sílẹ̀ lẹ́yìn àjàkálẹ̀ àrùn tí eku ń tàn kálẹ̀. Àjọ yìí ló kọ́ ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé ní Sùúrùlérè ní àwọn ọdún 1950. Ní ọdún 1972, ó di ara àjọ tuntun tí a mọ̀ sí LSDPC. Láàárín ọdún 1979 sí 1983, ìjọba gómìnà Lateef Jakande kọ́ ilé olówó pọ́ọ́kú sí ọ̀pọ̀ ibi ní ìpínlẹ̀ náà. Ọ̀kan nínú wọn wà ní Òkè-Àfá ní Ìsọlọ̀, tí kò jìnnà sí Máfolúkù.

Lẹ́yìn náà, ọ̀pọ̀ nínú iṣẹ́ yìí bọ́ sọ́wọ́ àwọn aládàáni. Ẹni tó ra ilé ìjọba mọ ọ́fíìsì tí yóò gbà lọ bí òrùlé bá ń jò. Ilé-iṣẹ́ aládàáni ní tirẹ̀ lè ti kógbá wọlé kí àbùkù tó hàn.

Ilé tó wó lulẹ̀ ti pa ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Èkó. Ní ọjọ́ 13 oṣù Kẹta ọdún 2019, ilé tí ilé-ìwé wà nínú rẹ̀ wó ní Ìta Fàájì ní Erékùṣù Èkó, ó sì pa ogún ènìyàn, tí àwọn ọmọdé wà lára wọn. Ní ọjọ́ 1 oṣù Kọkànlá ọdún 2021, ilé alájà 21 tí wọ́n ń kọ́ lọ́wọ́ wó ní òpópónà Gerrard ní Ìkòyí. Ó lé ní ogójì ènìyàn tó kú níbẹ̀. Ilé tí owó rẹ̀ gbówó lórí àti ilé mẹ̀kúnnù ni ewu yìí kàn.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe rí ní Máfolúkù

Máfolúkù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápákọ̀ òfurufú Murtala Muhammed. Àdúgbò tí èrò pọ̀ sí ni, ilẹ̀ tó ṣófo sì ṣọ̀wọ́n níbẹ̀. Nítorí èyí, ilé tuntun sábà máa ń dìde níbi tí ilé àtijọ́ ti wà. Wọ́n á wó ilé tí yàrá rẹ̀ kọjú síra wọn, tí gbogbo ará ilé jọ ń lo ilé ìdáná àti ilé ìwẹ̀ kan náà. Wọ́n á wá kọ́ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tó ní ọ̀pọ̀ fúláàtì sí ojú ilẹ̀ kan náà. Ohun mẹ́ta ni èyí mú kí olùrà máa béèrè.

Àkọ́kọ́ ni ohun tó wà lábẹ́ ilẹ̀. Kànga àtijọ́ tàbí ṣalángá tí wọ́n fi pàǹtí ilé tó wó dí lè rì díẹ̀díẹ̀, kí igun ilé tuntun sì tẹ̀lé e. Ó yẹ kí akọ́létà lè fi àbájáde àyẹ̀wò ilẹ̀ tí wọ́n ṣe kí wọ́n tó gbẹ́ ìpìlẹ̀ hàn.

Èkejì ni àyè tó wà láàárín ilé sí ilé. Bí ògiri ilé tuntun bá fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ti aládùúgbò, afẹ́fẹ́ àti ìmọ́lẹ̀ yóò dínkù, àtúnṣe ẹ̀yìn ilé yóò ṣòro, omi òjò kò sì ní rí ọ̀nà lọ.

Ẹ̀kẹta ni pápákọ̀ òfurufú. Yàtọ̀ sí ariwo bààlúù, ilé gíga tó bá sún mọ́ pápákọ̀ nílò ìyọ̀ǹda àjọ tó ń mójú tó ìrìnnà òfurufú, NCAA. Ó tún ṣe pàtàkì kí olùrà mọ ibi tí ilẹ̀ pápákọ̀ parí sí. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, wọ́n wó àwọn ilé kan ní agbègbè Ajao Estate, tó wà nítòsí Máfolúkù, lórí ẹ̀sùn pé wọ́n wà lórí ilẹ̀ pápákọ̀.

Àwọn ìwé tó yẹ kí olùrà rí

Ìwé àṣẹ ìkọ́lé: Àjọ LASPPPA ló ń fún ni ní Èkó. Ó yẹ kí olùrà ka iye àjà tí wọ́n fọwọ́ sí nínú ìwé náà, kí ó sì ka iye tó wà lójú ilé. Bí wọ́n bá fọwọ́ sí àjà mẹ́ta tí ilé sì jẹ́ mẹ́rin, ìpìlẹ̀ àti òpó ń gbé ẹrù tí a kò ṣe wọ́n fún.

Ìwé ẹ̀rí ìparí iṣẹ́: Àjọ LASBCA ló ń bẹ iṣẹ́ wò ní ìpele ìpele, òun náà ló sì ń fún ilé tó parí ní ìwé pé ó yẹ fún gbígbé.

Àbájáde ìdánwò ohun èlò: Ilé àyẹ̀wò ohun èlò ti Ìpínlẹ̀ Èkó, LSMTL, ń dán kankéré, irin àti búlọ́ọ̀kù wò. Àbájáde ìdánwò kankéré ní ọjọ́ 28 lẹ́yìn tí wọ́n dà á ni àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ sábà máa ń gbára lé.

Ìwé ilẹ̀: Ìwé àwòrán ilẹ̀ ni a ń gbé lọ sí ọ́fíìsì Olórí Awọnlẹ̀ ìpínlẹ̀ láti mọ̀ bóyá ilẹ̀ náà bọ́ sí abẹ́ ìjọba. Òfin Lílo Ilẹ̀ ọdún 1978 sì béèrè àṣẹ gómìnà kí ẹ̀tọ́ orí ilẹ̀ tó kúrò lọ́wọ́ ẹnì kan bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn.

Ìforúkọsílẹ̀ akọ́létà: Òfin ìpínlẹ̀ ti ọdún 2021 fún àjọ LASRERA ní agbára láti máa ṣàkóso àwọn tó ń kọ́ ilé tà àti àwọn aṣojú wọn.

Ìbánigbófò: Òfin ìbánigbófò pàṣẹ pé kí wọ́n gba ìbánigbófò fún ilé tó bá ju àjà méjì lọ nígbà tí wọ́n ń kọ́ ọ lọ́wọ́.

Ẹ̀dà ìwé tí ẹni tó ń tà fi hàn kò tó ẹ̀rí. Ọ́fíìsì tó fún ni ní ìwé náà ni olùrà tàbí amòfin rẹ̀ yóò ti lọ wádìí.

Àyẹ̀wò ara ilé

Àwọn àgbà máa ń sọ pé ilé tí a bá fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Ohun èlò ni ìbéèrè àkọ́kọ́. Láti ọdún 2014 ni àjọ SON ti sọ pé ìrẹ́ ògiri nìkan ni kí wọ́n máa fi sìmẹ́ǹtì onípele 32.5 ṣe, pé onípele 42.5 ni kí wọ́n fi ṣe búlọ́ọ̀kù, òpó àti dẹ́kìn.

Ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun orí lára ìrẹ́ sábà máa ń wá látinú gbígbẹ sìmẹ́ǹtì, kò sì léwu púpọ̀. Èyí tó dá gbére gba igun fèrèsé lọ, tí etí owó ẹyọ lè wọ̀, tàbí èyí tó wà lára òpó, nílò onímọ̀ ẹ̀rọ. Ẹni tó bá rí ìlà lè fi lẹ́ẹ̀dì sàmì sí òpin rẹ̀, kí ó kọ ọjọ́ sí i, kí ó sì padà wá wò ó lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan.

Àwọn àyẹ̀wò mìíràn kò nílò irinṣẹ́ kankan. A lè ṣí gbogbo ẹ̀rọ omi lẹ́ẹ̀kan náà. A lè da omi sílẹ̀ ilé ìwẹ̀, kí a sì lọ wo àjà yàrá tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀. A lè kan táìlì ká láti gbọ́ èyí tó ń dún bí ohun tó ṣófo. Ìgbà tó dára jù láti bẹ ilé wò ni àsìkò òjò, pàápàá oṣù Kẹfà, nítorí pé ọ̀dà tuntun lè bo àmì ọ̀rinrin mọ́lẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Owó tí olùrà san fún onímọ̀ ẹ̀rọ tí àjọ COREN forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ kéré púpọ̀ sí owó ilé, ṣùgbọ́n kì í ṣe akọ́létà ló yẹ kó yan ẹni náà.

Ìtọ́jú lẹ́yìn títà

Ilé tuntun kì í ṣàìní àbùkù kéékèèké. Ohun tó ń fi akọ́létà rere hàn ni bó ṣe ń dáhùn sí wọn. Ọ̀nà tó dájú jù láti mọ èyí ni kí olùrà lọ sí ilé tí akọ́létà náà tà ní ọdún méjì tàbí mẹ́ta sẹ́yìn, kí ó sì bá àwọn tó ń gbé ibẹ̀ sọ̀rọ̀. Kí ló kọ́kọ́ bàjẹ́? Ọjọ́ mélòó ni wọ́n fi dúró kí ẹnikẹ́ni tó wá? Ta ló san owó àtúnṣe? Ilé àwòṣe tí wọ́n ṣe lọ́ṣọ̀ọ́ fún àlejò kò lè dáhùn àwọn ìbéèrè wọ̀nyí.

Nínú àdéhùn iṣẹ́ ìkọ́lé, kọngílá sábà máa ń ní oṣù 6 sí 12 láti tún àbùkù ṣe. Àárín kọngílá àti akọ́létà ni àdéhùn yìí wà. Kò dé ọ̀dọ̀ olùrà àfi bí ìwé títà bá sọ bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, ó yẹ kí ìwé náà sọ irú àbùkù tí akọ́létà yóò tún ṣe, iye oṣù tí ẹ̀tọ́ náà yóò fi wà, àti iye ọjọ́ tí yóò fi dáhùn. Olùrà tún lè bẹ̀bẹ̀ pé kí díẹ̀ nínú owó wà lọ́wọ́ amòfin títí wọn yóò fi tún gbogbo àbùkù inú àkójọ ọjọ́ ìgbàlé ṣe. Ó sì yẹ kí ó gba àwòrán ọ̀nà tí páìpù àti wáyà iná gbà nínú ògiri.

Ní àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àjọ NHBC, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1936, ń fún ọ̀pọ̀ ilé tuntun ní ìdánilójú ọdún 10. Akọ́létà ló ń tún àbùkù ṣe ní ọdún 2 àkọ́kọ́. Ní ọdún 8 tó kù, ìbánigbófò dúró fún àbùkù ńlá lára ilé. Ní ilẹ̀ Faransé, òfin ọjọ́ 4 oṣù Kìíní ọdún 1978 mú ìbánigbófò ọdún 10 ní dandan. Ní Nàìjíríà, ìwé àdéhùn ni olùrà sábà máa ń gbára lé. Ìdí nìyí tí gbólóhùn inú rẹ̀ fi ṣe pàtàkì tó bẹ́ẹ̀.

Bí àbùkù bá yọjú

Ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́ ni lẹ́tà tó ní ọjọ́ àti àwòrán, nítorí pé ìpè orí fóònù kì í fi ẹ̀rí sílẹ̀. Bí akọ́létà kò bá dáhùn, olùrà lè gbé ẹjọ́ lọ sí LASRERA, tàbí sí àjọ FCCPC tí òfin ọdún 2018 dá sílẹ̀ láti dáàbò bo oníbàárà. Ilé ìlàjà Lagos Multi-Door Courthouse, tó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2002, wà fún àwọn tó fẹ́ yanjú ọ̀rọ̀ láìsí ẹjọ́ gígùn. Ní Èkó, ọdún 6 ni òfin fún ẹni tí wọ́n da àdéhùn rẹ̀ láti lọ sí ilé ẹjọ́. Bí ìlà ara òpó bá ń fẹ̀ sí i, tàbí bí ilẹ̀kùn tó ń ṣí dáadáa tẹ́lẹ̀ bá dédé ń há, LASBCA ni kí wọ́n kọ́kọ́ pè, kí àwọn ará ilé sì jáde kí ọ̀rọ̀ owó tó tẹ̀lé e.