Kí Ló Dé Tí Ọmọ Ẹṣin Yìí Ò Lè Dìde?

Ǹjẹ́ ẹ mọ̀ pé bí ẹṣin bá bímọ, láàárín bíi wákàtí kan ni ọmọ náà máa ń dìde dúró? Kó tó tó wákàtí méjì sí mẹ́ta, ó ti ń mu ọmú. Tí ẹ bá wá rí ọmọ ẹṣin tí ò lè dìde, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbọ̀n, tàbí tí wàrà ń gba imú rẹ̀ jáde, ẹ má pè é ní ọ̀lẹ. Ó lè jẹ́ àrùn iṣan funfun ló ń ṣe é.

Iṣan ló ń jẹ́ ká rìn, òun ló ń jẹ́ ká gbé oúnjẹ mì. Ọkàn pàápàá, iṣan ni. Nínú àrùn yìí, iṣan á máa kú, ibi tó yẹ kó pupa á wá funfun. Ìtọ̀ ọmọ ẹṣin náà lè dúdú bíi kọfí. Tó bá mú iṣan ọkàn, ọmọ náà lè kú lójijì.

Kí ló ń fà á? Àìtó èròjà méjì ni: sẹ̀lẹ́níọ̀mù àti fítámì E. Inú ilẹ̀ ni koríko ti ń fa sẹ̀lẹ́níọ̀mù, inú koríko ni ìyá ẹṣin ti ń rí i, inú oyún sì ni ọmọ ti ń gbà á. Bí ilẹ̀ ò bá ní in tó, ọmọ ló máa jìyà rẹ̀. Fítámì E ní tirẹ̀ pọ̀ nínú koríko tútù, àmọ́ ó máa ń dín kù nínú koríko gbígbẹ tó ti pẹ́ nílẹ̀. Inú wàrà àkọ́kọ́ ni ọmọ ti ń rí èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀.

Ilẹ̀ Oregon ní Amẹ́ríkà wà lára ibi tí sẹ̀lẹ́níọ̀mù ò pọ̀ tó. Ibẹ̀ ni O. H. Muth àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti fi hàn ní 1958 pé tí wọ́n bá fi sẹ̀lẹ́níọ̀mù sí oúnjẹ àgùntàn aboyún, àrùn yìí ò ní mú ọmọ rẹ̀.

Kí la lè ṣe? Ẹ tètè pe dókítà ẹranko. Ó máa yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, ó máa fún ọmọ náà ní abẹ́rẹ́ sẹ̀lẹ́níọ̀mù àti fítámì E. Ọmọ náà gbọ́dọ̀ sinmi. Tí ò bá lè gbé wàrà mì dáadáa, rọ́bà ni wọ́n máa fi fún un, kí wàrà má bàa wọ ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Èyí tó dára jù ni pé ká ti yẹ ẹ̀jẹ̀ ìyá wò kó tó bímọ.

Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé àṣejù ni baba àṣetẹ́. Nǹkan bíi mílígíráàmù 1 péré ni ẹṣin tó wọn kílò 500 nílò lóòjọ́. Ní oṣù kẹrin 2009, ẹṣin póló 21 kú ní Florida torí pé sẹ̀lẹ́níọ̀mù inú oògùn tí wọ́n fún wọn ti pọ̀ jù. Nítorí náà, ẹ má dá a lò fúnra yín. Ẹ jẹ́ kí dókítà wọ̀n ọ́n.