Títọpasẹ̀ Baba Ńlá Tó Wọkọ̀ láti Nọ́wè Lọ sí Amẹ́ríkà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní odò tó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ni yóò gbẹ. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Minnesota, Wisconsin àti Àríwá Dakota lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà ni òwe yìí bá wí. Ọmọ ilẹ̀ Nọ́wè ni baba ńlá wọn, inú ìwé tó ti gbó ni wọ́n sì ti ń wá a. Láàárín ọdún 1825 sí 1925, ó lé ní 800,000 ènìyàn tó fi Nọ́wè sílẹ̀ lọ sí òkè òkun. Ilẹ̀ tó ṣe é ro kò tó nǹkan nílé, àkọ́bí ọkùnrin ló sì sábà máa ń jogún èyí tó wà. Ní Amẹ́ríkà ẹ̀wẹ̀, òfin ọdún 1862 yọ̀ǹda ilẹ̀ 160 éékà fún ẹni tó bá gbé orí rẹ̀, tó sì ro ó fún ọdún 5.

Restauration ni orúkọ ọkọ̀ tó ṣíwájú. Ọkọ̀ kékeré onígbòkun ni, ó sì gbéra ní Stavanger ní oṣù Keje ọdún 1825, lẹ́yìn tí Cleng Peerson ti lọ yẹ ilẹ̀ náà wò fún wọn láti ọdún 1821. Ènìyàn 52 ló wọ̀ ọ́. Nígbà tó gúnlẹ̀ sí New York ní ọjọ́ 9 oṣù Kẹwàá, wọ́n ti di 53, nítorí pé ìyàwó Lars Larsen bímọ obìnrin lójú omi. Ayọ̀ yìí kò tíì tán tí ìjọba fi gbẹ́sẹ̀ lé ọkọ̀ náà: èrò inú rẹ̀ ti pọ̀ ju iye tí òfin ọdún 1819 gbà láyè. Ààrẹ John Quincy Adams ló forí jì wọ́n. Síbẹ̀, òfin tó fẹ́ kó bàbá sí wàhálà ló padà wá ṣe ọmọ lóore, nítorí òfin yìí kan náà ló pa á láṣẹ pé kí ọ̀gá ọkọ̀ máa kọ orúkọ gbogbo èrò sílẹ̀.

Orúkọ ọ̀hún gan-an ló kọ́kọ́ ń da olùwádìí láàmú. Bí Ole bá bí Lars, Lars Olsen ni wọn yóò máa pè é. Bí Lars bá bí Anders, ó di Anders Larsen. Àbúrò rẹ̀ obìnrin yóò sì máa jẹ́ Larsdatter, èyí ni ‘ọmọbìnrin Lars’. Orúkọ oko tí ìdílé ń gbé ló máa ń tẹ̀lé e. Ẹni tó bá kó lọ sí oko mìíràn, orúkọ ibẹ̀ ni yóò gbà. Ọdún 1923 ni òfin tó sọ ọ́ di dandan kí ìdílé kọ̀ọ̀kan ní orúkọ kan pàtó. Nítorí náà, ọmọ ìyá méjì lè dé Amẹ́ríkà kí ọ̀kan máa jẹ́ Larson, kí èkejì mú orúkọ oko, kí àwọn ọmọ ọmọ wọn sì máa kọjá lára ara wọn bí àjèjì.

Àwa tí a ń sọ pé ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ yóò tètè rí ọ̀nà àbáyọ. Orúkọ oko yìí fẹ́ jọ oríkì orílẹ̀ tiwa. Òun ni yóò sọ ilé tí ẹni náà ti wá.

Amẹ́ríkà ni a ti ń bẹ̀rẹ̀. Àlùfáà ìjọ Luther tí àwọn aṣíkiri dá sílẹ̀ sábà máa ń kọ ìlú tí wọ́n bí ọmọ ìjọ sí. Láti ibẹ̀, a ó ré òkun padà sínú ìwé ìjọ ní Nọ́wè, níbi tí wọ́n kọ ìrìbọmi, ìgbéyàwó, ìsìnkú, àti ọjọ́ tí ẹni tó ń ṣí lọ kúrò. Àwọn ọlọ́pàá Bergen náà ní ìwé tí wọ́n ń kọ orúkọ aṣíkiri sí láti ọdún 1874. Ìwé ìkànìyàn ọdún 1865 tilẹ̀ sọ iye màlúù àti àgùntàn tí ìdílé ní. Púpọ̀ nínú ìwé wọ̀nyí ni ilé ìpamọ́ ìwé ìjọba Nọ́wè ti gbé sórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́.

Kí olùwádìí má ṣe wo New York nìkan. Láti àárín ọ̀rúndún kọkàndínlógún, Quebec ní Kánádà ni ọ̀pọ̀ ọkọ̀ onígbòkun ń já èrò sí. Nígbà tí ọkọ̀ tó ń lo agbára oru omi gbígbóná gbòde, èrò yóò kọ́kọ́ dé Hull ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, yóò wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Liverpool, yóò tún wọ ọkọ̀ mìíràn níbẹ̀. Ọkọ̀ tó gbé e kúrò nílé kọ́ ló gbé e dé Amẹ́ríkà.

Ohun tó gba sùúrù jù ni pé Ole Olsen pọ̀ bí eṣú. Ẹni tó bá kánjú yóò gbé baba onílé mìíràn wọlé, yóò sì máa kọrin arò fún ẹni tí kò bí i. Ọjọ́ ìbí, orúkọ òbí, oko, aya àti ọmọ gbọ́dọ̀ bára mu kí a tó gbà pé òun ni.

Nígbà mìíràn, orúkọ ọmọ ọwọ́ kan yóò wà nínú ìwé àwọn tó kúrò nílé, kò sì ní sí i nínú ìwé ìkànìyàn Amẹ́ríkà. Ọ̀pọ̀ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ni omi gbà, tí kò ní sàréè, tí kò ní òkúta ìrántí. Ìlà kan ṣoṣo nínú ìwé ni gbogbo ohun tó kù láti sọ pé ó wá sáyé. Nítorí irú ìlà bẹ́ẹ̀ ni ó fi yẹ kí a máa tọpasẹ̀ àwọn baba, kí a sì máa pa ìwé tiwa náà mọ́.