Ìtàn Aṣọ Ànkárá

Àwọn àgbà a máa wí pé aṣọ ni èdìdì ènìyàn. Bí ìgbéyàwó tàbí òkú àgbà bá ń bọ̀ ní Òdìgbò tàbí ní Ọ̀rẹ̀, ọ̀rọ̀ aṣọ ẹbí kì í pẹ́ bẹ̀rẹ̀ láàárín àwọn obìnrin, ànkárá ni wọ́n sì sábà máa ń yàn. Oríta tí ọ̀nà Oǹdó ti pàdé ọ̀nà tí ó ti Èkó lọ sí Bìní ni Ọ̀rẹ̀ wà, nítorí náà kò ṣòro fún ọjà láti dé ibẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí ànkárá rìn kí ó tó dé ilẹ̀ Yorùbá jìn púpọ̀. Ẹni tí yóò bá mọ ìtàn rẹ̀ ní láti kọ́kọ́ dé Íńdíà.

Àwọn ará Íńdíà mọ iṣẹ́ òwú láti ìgbà láéláé. Wọn a máa fi ọwọ́ ya òdòdó àti ewé sí ara aṣọ, tàbí kí wọ́n fi pákó tí wọ́n fín tẹ̀ ẹ́. Kí wọ́n tó rẹ aṣọ náà sínú omi pupa tí wọ́n fi gbòǹgbò ewéko sè, wọn a fi omi álọ́ọ̀mù kun ibi tí wọ́n bá fẹ́ kí ó pọ́n. Ibẹ̀ nìkan ni àwọ̀ náà yóò sì mú. Ibi tí wọn kò bá fẹ́ kí aró dé, ìda ni wọ́n fi ń bò ó, gẹ́gẹ́ bí àwọn aládìrẹ ilẹ̀ Yorùbá ti ń fi ẹ̀kọ láfún bo àdìrẹ ẹlẹ́kọ. Bí a ti wù kí a fọ irú aṣọ bẹ́ẹ̀ tó, kì í tètè ṣí.

Ní ọ̀rúndún kẹtàdínlógún, ọkọ̀ òkun àwọn ará Gẹ̀ẹ́sì, Hóláńdì àti Faransé kó aṣọ yìí lọ sí Yúróòpù ní ọ̀pọ̀lọpọ̀. Aṣọ irun àgùntàn tí àwọn obìnrin ibẹ̀ ń wọ̀ wúwo, sílíkì sì wọ́n. Aṣọ Íńdíà fúyẹ́, ó ṣeé fọ̀, ó sì dára ní wíwò. Ìyàwó olówó fi rán kaba, ọmọ ọ̀dọ̀ rẹ̀ náà sì fi rán.

Inú àwọn ahunṣọ Yúróòpù kò dùn, nítorí pé ọjà wọn kò tà mọ́. Ní 1686, ìjọba Faransé fi òfin dá aṣọ náà dúró. Gẹ̀ẹ́sì ṣe òfin tirẹ̀ ní 1700, ó sì ṣe èyí tí ó le jù ú lọ ní 1721. Ní 1719, àwọn ahunṣọ kọlu àwọn obìnrin ní ìgboro Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n fa aṣọ ya mọ́ wọn lára, wọ́n sì da yíǹkì sí wọn. Síbẹ̀ àwọn obìnrin kò fi aṣọ náà sílẹ̀, àwọn onífàyàwọ́ sì ń kó o wọlé. Faransé fagi lé òfin rẹ̀ ní 1759, Gẹ̀ẹ́sì sì ṣe bẹ́ẹ̀ ní 1774. Nígbà náà, àwọn Òyìnbó ti kọ́ bí a ti í tẹ aṣọ, wọ́n sì ń ṣe ẹ̀rọ sí i. Kò pẹ́ tí aṣọ Gẹ̀ẹ́sì fi kún ọjà Íńdíà, tí ebi sì ń pa ahunṣọ ibẹ̀.

Aṣọ Íńdíà yìí kan náà ni àwọn Òyìnbó ń kó wá sí etí òkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà láti fi ra ẹrú. Lẹ́yìn tí òwò ẹrú kásẹ̀ nílẹ̀, aṣọ mìíràn dé. Àwọn ará erékùṣù Java pẹ̀lú mọ bí a ti í fi ìda ṣe aṣọ lọ́ṣọ̀ọ́. Àwọn ará Hóláńdì fi ẹ̀rọ ṣe irú rẹ̀; ọ̀kan nínú ilé-iṣẹ́ wọn, Vlisco, bẹ̀rẹ̀ ní ìlú Helmond ní 1846. Àwọn ará Java kò fẹ́ràn ìlà wẹ́wẹ́ tí aró ń fà níbi tí ìda bá ti sán, ṣùgbọ́n àwọn obìnrin Gold Coast, tí í ṣe Gánà lónìí, fẹ́ràn rẹ̀. Láti etí òkun ni aṣọ náà ti tàn ká, tí ó sì di ànkárá.

Lónìí, púpọ̀ nínú ànkárá ń ti Ṣáínà wá. Àwọn aládìrẹ Abẹ́òkúta pàápàá ń ráhùn pé a ń fi ẹ̀rọ ṣe àfarawé àdìrẹ ní òkèèrè. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ ahunṣọ United Nigerian Textiles ní Kàdúná ti ìlẹ̀kùn ní 2007, ẹgbẹẹgbẹ̀rún òṣìṣẹ́ ni iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó tún ṣí ní 2010.

Kò sí ohun tí ó burú nínú wíwọ aṣọ tí ó ti òkèèrè wá. Ṣùgbọ́n ìtàn yìí fi hàn pé òfin nìkan kò lè dá ọjà dúró. Orílẹ̀-èdè tí àwọn ọ̀dọ́ rẹ̀ bá kọ́ iṣẹ́ òwú, aró àti ẹ̀rọ ní àkọ́yanjú ni yóò jẹ èrè aṣọ tí àwọn ènìyàn rẹ̀ ń wọ̀.